Pásítà oníkarahun ńlá: Bí ẹ ṣe lè rà á, sè é, kí ẹ sì ki oúnjẹ bọ inú rẹ̀ láì jẹ́ kó ya

Tí ẹ bá wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Abuja, Èkó, Accra tàbí Kútọnú, tí ẹ sì dúró níwájú ibi tí wọ́n to sùpàgẹ́tì àti makaróní sí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí páálí kan tó yàtọ̀ láàárín wọn.

Ohun tó wà nínú páálí náà dà bí ìkarahun ìgbín kékeré tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó tóbi, inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ sì ní ilà wẹ́wẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí oúnjẹ yìí nínú fídíò lórí ayélujára. Wọ́n á ki ẹran tàbí wàràkàsì bọ inú rẹ̀, wọ́n á da ọbẹ̀ tòmátì lé e lórí, wọ́n á sì yan án títí orí rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Àwọn kan á ti ya sínú omi, àwọn kan á lẹ̀ mọ́ra wọn, ìyókù á sì rọ̀ débi pé kò ní lè gba nǹkan kan sínú mọ́.

Ohun tí wọ́n fi owó gidi rà nítorí àlejò á wá di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí bù jẹ bíi makaróní lásán.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé alásè náà kò mọ oúnjẹ sè. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni pásítà yìí máa ń rí iná. Ó máa ń kọ́kọ́ rí i nínú omi, lẹ́yìn náà yóò tún rí i nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó jinná tán ní ìgbà àkọ́kọ́ ti bà á jẹ́ kó tó dé ìgbà kejì.

Níbo ni oúnjẹ yìí ti wá?

Ilẹ̀ Ítálì ni pásítà yìí ti wá. Conchiglioni ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ní èdè Ítálì, "conchiglia" ni ìkarahun, "-oni" tó wà ní ìparí orúkọ náà sì ń sọ fún wa pé ó tóbi. Èyí tó kéré jù tí wọ́n ń sè sínú ọbẹ̀ olómi ni wọ́n ń pè ní conchigliette, èyí tó wà láàárín sì ni conchiglie.

Ọ̀kan lára ibi tí iṣẹ́ pásítà gbígbẹ ti lókìkí jùlọ ní Ítálì ni ìlú Gragnano, tí kò jìnnà sí Naples ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ pásítà ìlú náà, tó fi jẹ́ pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ Gragnano sára ọjà rẹ̀.

Àwọn ọmọ Ítálì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ló gbé àṣà pásítà wọn dání débẹ̀. Nínú ìdílé wọn ni pásítà oníkarahun tí wọ́n ki wàràkàsì bọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì yan nínú ọbẹ̀ tòmátì, ti di oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún ẹbí àti àlejò.

Kí ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó rà á?

Irú àlìkámà tí wọ́n fi ṣe é: Èyí ló ṣe pàtàkì jùlọ. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí náà bóyá ẹ máa rí "durum wheat semolina" tàbí "semola di grano duro".

Durum jẹ́ irú àlìkámà kan tó le, tí èròjà purotéènì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òfin kan tí Ítálì ṣe ní ọdún 1967 ló sọ pé durum ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe pásítà gbígbẹ ní orílẹ̀-èdè náà.

Kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí wa. Sẹ̀mó tí a ń rò jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ náà jẹ́ àlìkámà tí wọ́n lọ̀ tí kò kúnná bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi durum ṣe.

Purotéènì inú durum ló ń ṣiṣẹ́ bí àwọ̀n tó di ara pásítà mú nínú omi gbígbóná. Èyí tí wọ́n fi àlìkámà rírọ̀ ṣe lè dára fún ọbẹ̀ olómi, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ ki nǹkan bọ inú rẹ̀, yóò tètè ya.

Àwọ̀ rẹ̀ náà lè ràn yín lọ́wọ́. Pásítà tí wọ́n fi durum ṣe máa ń ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Tó bá funfun bí ẹfun, ẹ tún páálí náà kà dáadáa.

Bí ara rẹ̀ ṣe rí: Irin tó ní ihò ni wọ́n máa ń ti ìyẹ̀fun pípò gbà kó tó di ìkarahun. Tí irin náà bá jẹ́ idẹ, ara pásítà náà máa ń rí ṣákaṣàka, bíi pé wọ́n fi ìyẹ̀fun díẹ̀ pa á lára. Tí wọ́n bá fi Teflon bo ihò náà nínú, ara rẹ̀ á máa dán.

Èyí tó rí ṣákaṣàka máa ń di ọbẹ̀ mú ju èyí tó ń dán lọ. Owó rẹ̀ sì sábà máa ń wọ́n ju ti èkejì lọ. Tí owó kò bá tó, ẹ mú èyí tó ń dán, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ durum.

Bóyá ó ti fọ́: Ẹ rọra mi páálí náà. Tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan wẹ́wẹ́ ń dún nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti fọ́. Tí páálí náà bá ní ojú tí èèyàn lè gbà wo inú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní ìlà tín-ín-rín tó dà bí ẹsẹ̀ ìgò tó sán. Inú omi gbígbóná ni irú rẹ̀ máa ń là sí.

Bí ó ṣe tóbi tó: Má jẹ́ kí àwòrán iwájú páálí tàn yín jẹ. Conchiglie lásán jọ ọ́, àmọ́ kò gba nǹkan sínú. Èyí tí ẹ ń wá gbọ́dọ̀ gba ṣíbí ìjẹun kan ó kéré tán. Páálí tó wọ́pọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń wọn gíráàmù 340, ó sì tó fún agbo ilé kan tàbí fún àlejò mélòó kan.

Kòkòrò: Ní ibi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, kòkòrò tó ń jẹ ìrẹsì kì í fi pásítà sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ihò kéékèèké tàbí eruku wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi ga?

Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ pásítà oníkarahun ńlá tó wà lọ́jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń wá. Tí owó náírà tàbí sídì bá já wálẹ̀ sí dọ́là, ó di dandan kí iye rẹ̀ gbẹ́nu sókè.

Lóòótọ́, àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Nàìjíríà tó ń ṣe sùpàgẹ́tì àti makaróní. Àwọn àgbẹ̀ náà sì ń gbin àlìkámà ní ìpínlẹ̀ bíi Kano, Jigawa, Kebbi àti Borno, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́ tí ojú ọjọ́ bá tutù, tí wọ́n á sì máa fa omi sí oko.

Àmọ́ èyí tí wọ́n ń kórè kò tó nǹkan rárá sí èyí tí orílẹ̀-èdè náà nílò. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jùlọ wọlé.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí èèyàn fi páálí kan ṣòfò nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pọ̀ jù lórí iná.

Báwo lẹ ṣe máa sè é?

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Kò sí alásè gidi tó máa jẹ́ kí ìrẹsì jinná tán nígbà tó bá ń bọ̀ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé ó ṣì máa wọ inú ata. Bí pásítà yìí náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ lo ìkòkò tó fẹ̀. Lítà omi kan fún gíráàmù 100 ni àwọn ará Ítálì máa ń lò, èyí túmọ̀ sí pé páálí gíráàmù 340 máa nílò lítà mẹ́ta àbọ̀. Tí omi kò bá tó, ìkarahun náà á máa ha mọ́ra wọn, wọ́n á sì máa fọ́ ara wọn.

Àwọn ará Ítálì máa ń fi nǹkan bíi gíráàmù 10 iyọ̀ sí lítà omi kan. Òótọ́ ni pé èyí tó pọ̀ nínú iyọ̀ náà máa ń bá omi lọ, àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè dín iyọ̀ náà kù gan-an, kí ó sì jẹ́ kí èròjà inú ọbẹ̀ mú un dùn.

Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ẹ tó da pásítà sí i. Ẹ rọra rò ó pẹ̀lú ṣíbí onígi láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, nítorí àsìkò yẹn ni sítáàṣì ara rẹ̀ máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ra.

Kò sí ìdí láti da òróró sínú omi náà. Orí omi ni òróró máa ń léfòó sí, kò sì ní dá pásítà dúró kó má lẹ̀ mọ́ra.

Tí omi bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ dín iná kù díẹ̀. Omi tó ń hó kùtùkùtù máa ń gbá àwọn ìkarahun náà mọ́ra wọn títí wọn yóò fi ya.

Ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀?

Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí náà, kí ẹ sì yọ ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ìṣẹ́jú 14, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 10. Àwọn páálí kan máa ń kọ àsìkò tó yàtọ̀ fún ẹni tó fẹ́ yan án. Èyí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ mú ẹyọ kan jáde, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ là á. Tí ẹ bá rí ìlà funfun tín-ín-rín láàárín ara rẹ̀, ó ti tó. Ó yẹ kó lè tẹ̀ láì dá, kí ẹnu rẹ̀ sì ṣì là sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò kò ṣòro láti lóye. Sítáàṣì inú pásítà ń mu omi, ó sì ń wú. Purotéènì tó dà bí àwọ̀n ló ń dì í mú kó má baà tú ká. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ lórí iná ni sítáàṣì á máa wú sí i, títí agbára àwọ̀n náà kò fi ní ká a mọ́. Ìgbà yẹn ni yóò ya.

Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ sínú asẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí èyí tó wà lókè máa ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ pa. Ṣíbí oníhò ni kí ẹ fi máa kó wọn jáde díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kó wọn sínú omi tútù tó mọ́ fún ìṣẹ́jú kan kí jíjinná rẹ̀ lè dúró. Tó bá jẹ́ sùpàgẹ́tì ni, kò pọn dandan láti fi omi tútù ṣàn án, nítorí sítáàṣì ara rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ dì mọ́ ọn. Àmọ́ èyí tí ẹ máa fi ọwọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tutù.

Ẹ wá fi òróró díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì tò ó sórí tíréè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ da ẹnu rẹ̀ délẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè ro jáde. Ẹ má ṣe tò wọ́n léra.

Tí ẹ bá nílò 24, ẹ se 28. Bó ti wù kí èèyàn mọ̀ ọ́n sè tó, ọ̀kan tàbí méjì á ṣì ya.

Kí lẹ lè ki bọ inú rẹ̀?

Ricotta ni àwọn ará Ítálì àti àwọn ọmọ Ítálì tó wà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń lò. Wàràkàsì tó rọ̀ ni, omi tó ṣẹ́kù lára wàràkàsì mìíràn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni "èyí tí a tún sè".

Kì í ṣe gbogbo ọjà ni ẹ ti máa rí ricotta, owó rẹ̀ kò sì kéré. Àmọ́ wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe wà nítòsí.

Oje ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú kí mílíìkì tó wà lórí iná dì. Ní Ghana àti Benin, wagashi ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, àwọn kan sì máa ń fi àwọ̀ pupa tó ń jáde láti ara ọkà bàbà kùn ún.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wàrà kì í yọ́ lórí iná, ìdí nìyí tó fi ṣeé dín. Nítorí náà, tí ẹ bá kàn gé e sínú pásítà, yóò le lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ẹ kò mọ bí ó ti pẹ́ tó lórí igbá. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro, kí ẹ rún un kúnná, kí ẹ sì po mílíìkì díẹ̀ àti ẹyin kan mọ́ ọn títí yóò fi rọ̀. Wàrà tó tó gíráàmù 500, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì tí ẹ ti bọ̀, àlùbọ́sà díẹ̀ àti ata gígún lè kún nǹkan bíi 24.

Ẹ fún omi ara ẹ̀fọ́ náà dànù pátápátá. Ohun tí ẹ bá máa ki bọ inú pásítà kò gbọdọ̀ ní omi, torí yóò sọ ọ́ di pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ láti inú wá.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹran lè lo ẹran lílọ̀ tó ti dín pẹ̀lú àlùbọ́sà, tòmátì àti ata rodo. Ẹ jẹ́ kí ẹran náà jinná tán kí ẹ tó kì í, nítorí àsìkò tí yóò lò nínú ààrò lè má tó fún ẹran tútù.

Ẹ má ṣe kì í ní àkìjù. Ó yẹ kí ẹnu ìkarahun náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ padé.

Ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, tí ẹ kò bá sì ní ààrò?

Ọbẹ̀ tòmátì tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ ṣàn ju èyí tí ẹ fi ń jẹ ìrẹsì lọ, nítorí pásítà náà ṣì máa mu nínú omi rẹ̀. Ife mẹ́ta tó fún 24.

Ẹ da ife kan sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí ẹ fẹ́ fi yan án. Ẹ to pásítà náà sí i, kí ẹnu wọn kọjú sókè. Ẹ wá da èyí tó kù lé wọn lórí, kí ibi kankan má ṣe gbẹ, torí ibi tí ọbẹ̀ kò bá dé máa ń le bí igi.

Ẹ fi fóìlì bò ó, kí ẹ sì gbé e sínú ààrò ní ìwọ̀n gbígbóná 180°C fún ìṣẹ́jú 25. Ẹ ṣí fóìlì náà, ẹ fi wàràkàsì tó ń yọ́ bíi mozzarella sí i tí ẹ bá ní, kí ẹ sì dá a padà fún ìṣẹ́jú 10.

Ẹni tí kò ní ààrò kò pàdánù. Ẹ to pásítà náà sínú ìkòkò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ní ipele kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọbẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè. Ẹ dé e pa, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lórí iná jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Orí rẹ̀ kò ní pọ́n, àmọ́ yóò jinná, yóò sì dùn.

Kí ló dé tí àjẹkù rẹ̀ fi lè di ewu?

Ní ọdún 2008, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ 20 ọdún kan ní Brussels, olú ìlú Belgium, gbé sùpàgẹ́tì ọlọ́bẹ̀ tòmátì kan gbóná, ó sì jẹ ẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni wọ́n ti sè é, kò sì sí nínú fíríìjì láti ìgbà náà.

Láìpẹ́ sí ìgbà tó jẹ ẹ́ ni orí àti inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tó sì ń bì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láàyè. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus pọ̀ nínú àjẹkù náà. Ní ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ gbé ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìwádìí ìṣègùn.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò yìí bá ṣe ni yóò bì tàbí yàgbẹ́ gbuuru, tí ara wọn á sì yá. Àmọ́ ohun tó fà á lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ìdáná èyíkéyìí.

Kòkòrò náà lè wà lára ìrẹsì àti pásítà, ó sì lè fara pamọ́ la omi gbígbóná já. Tí oúnjẹ bá wà ní ìta fún ìgbà pípẹ́, yóò bí sí i, yóò sì tú májèlé sínú rẹ̀. Gbígbé oúnjẹ náà gbóná kò lè pa májèlé yìí.

Ìmọ̀ràn WHO ni pé kí oúnjẹ tó ti jinná má ṣe wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ. Fíríìjì tó ń gbà á gbọ́dọ̀ tutù tó 5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń gbé e gbóná, ẹ jẹ́ kó gbóná dénú, ó kéré tán 70°C.

Ní ibi tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń ṣe ségesège, ìmọ̀ràn yìí kò rọrùn. Fíríìjì tí iná ti lọ lára rẹ̀ láti òwúrọ̀ kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù tó bá fi máa di alẹ́. Tí ẹ kò bá dá iná lójú, iye tí ilé máa jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sè. Pásítà gbígbẹ tó kù nínú páálí kò ní bàjẹ́, tí ẹ bá ti dì í mọ́ afẹ́fẹ́ àti kòkòrò.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí ẹ tò sórí tíréè. Tí àlejò bá pẹ́ kó tó dé, ẹ má ṣe fi pásítà tí ẹ ti ki wàrà àti ẹyin bọ inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì láti ọ̀sán títí di alẹ́. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, tàbí kí ẹ fi kíkì rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá kù díẹ̀ kí wọ́n dé.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe da páálí kan sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú mẹ́rin péré, ẹ sè é, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tó dára jùlọ sára páálí náà. Tí ọjọ́ àlejò bá dé, ẹ ó ti mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ ìkòkò yín kalẹ̀.